Orlando Owoh: Orísun odò ló kù tí kò gbọdọ̀ gbàgbé

Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ ń bọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀, yóò kan Uso lọ́nà kó tó wọ ìlú Ọlọ́wọ̀. Bó bá ti Ọ̀wọ̀ kọrí sí ọ̀nà Benin, yóò gba Ìfọ́n kọjá, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ose. Ọ̀nà kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Bí èèyàn bá sì dárúkọ Orlando Owoh létí àwọn àgbàlagbà tó ń gbé lójú ọ̀nà yìí, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ẹni tó ń sọ. Ohùn rẹ̀ tó há, tó sì wúwo bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, kò jọ ti olórin mìíràn. Bí àwo rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kọ gbólóhùn kejì ni olùgbọ́ ti mọ̀ pé òun ni.

Ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, ọdún 2008 ni Orlando Owoh jáde láyé lẹ́ni ọdún 76. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ní ti Orlando, kò gbàgbé orísun. Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ fún àwa tó kù ni pé, ǹjẹ́ orísun náà yóò rántí odò tó ti inú rẹ̀ ṣàn jáde?

Ta ni Orlando Owoh?

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Stephen Ọládípúpọ̀ Ọláọrẹ Owómóyèlà. Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò bí i sí Ìfọ́n, wọn kò sì bí i sí Ọ̀wọ̀. Ìlú Òṣogbo ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1932. Òṣogbo ìgbà náà jẹ́ ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, tí àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti apá Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó ń wọ̀ wá jẹun. Kì í ṣe Orlando nìkan ni olórin tí ìlú náà gbà tọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Oǹdó. King Sunny Adé, tí í ṣe ọmọ bíbí ìdílé Adégẹye ní ìlú Oǹdó, Òṣogbo ni wọ́n bí òun náà sí ní ọdún 1946.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí àjò lè di ará àjò pátápátá, kó má mọ èdè bàbá rẹ̀, kó má sì mọ ọ̀nà oko ìyá rẹ̀. Ti Orlando kò rí bẹ́ẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, tó sì jẹ́ pé Èkó ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ará Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí títí ó fi kú. Orin rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀rí.

Láti ìdí pákó bọ́ sí ìdí ìlù

Orlando kò bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ pẹ̀lú gìtá. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́, ayùn, òòlù àti ìfági ló sì fi ń jẹun nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní ọdún 1958 ni nǹkan yí padà fún un. Ẹgbẹ́ eléré ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á síṣẹ́ pé kó máa lùlù, kó sì máa kọrin fún wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ bá dàgbà tó, ẹ kò ní ṣàìrántí ohun tí ẹgbẹ́ eléré ìtàgé jẹ́ láyé ìgbà náà. Kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ti ìlú Ìbàdàn sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn eléré ń wọ̀, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Wọn yóò lùlù káàkiri ìgboro lọ́sàn-án kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé wọ́n ti dé. Bó bá di alẹ́, orin ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣí eré, orin kan náà ni wọ́n sì fi ń gbé e dé òpin. Ẹni tó bá ń lùlù fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń mú èrò dání, nítorí pé èrò tó sanwó kì í gba ìgbàkugbà. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí orin yóò rọlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè gbọ́, àti ìgbà tí yóò gbóná kí ẹsẹ̀ lè yá.

Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni kékeré nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ Òkèmẹsí-Èkìtì ni, ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Òun ló sọ ìwé tí Amos Tutùọlá kọ nípa ọ̀mu ẹmu di eré tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Ọdún 1973 ló kú. Ilé ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ fún Orlando. Nínú irú ilé ẹ̀kọ́ yìí náà ni Sunny Adé gbà kọjá, nítorí nínú ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni òun ti kọ́ iṣẹ́ orin. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ tí Orlando ń pa ìtàn láàárín orin, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olùgbọ́ jókòó níwájú rẹ̀, kó má yà wá lẹ́nu. Orí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn tó tún kọ́ ọ níṣẹ́ ni Fàtáì Rolling Dollar, àgbà onígìtá tó kú ní ọdún 2013. Lọ́dọ̀ bàbá yìí ni àwọn olórin bí i Ebenezer Obey àti Orlando Owoh ti rí ẹ̀kọ́ gbà kí oníkálukú tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí yóò mọ̀ pé ọ̀gá náà mọ iṣẹ́.

Ọdún òmìnira ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀

Ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, Orlando náà gba òmìnira tirẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, ó pè é ní Omimah Band. Háíláìfù ló gbòde nígbà náà. Láti ilẹ̀ Ghana ni E. T. Mensah ti ń gbé fèrè rẹ̀ wá sí Èkó. Ní Èkó fúnra rẹ̀, Bobby Benson àti Victor Ọláìyá ló ń jó lójú ọpọ́n. Roy Chicago, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ń fi ìlù Yorùbá sínú háíláìfù tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n háíláìfù àwọn wọ̀nyí, ti ilé ijó ńlá ni. Fèrè pọ̀ níbẹ̀, àwọn olórin wọ kóòtù, àwọn tó wá jó náà sì wọ bàtà tó ń dán. Ti Orlando yàtọ̀. Gìtá, ìlù àti ohùn ènìyàn ló gbé orin tirẹ̀ ró. Ó sún mọ́ orin tí àwọn ènìyàn ń kọ nídìí ẹmu ju èyí tí wọ́n ń kọ ní òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ìdí rèé tí àgbẹ̀, awakọ̀, bíríkìlà àti àwọn tó ń ta ọjà fi tètè gbà á. Wọn kò nílò kóòtù kí wọ́n tó jó o.

Lára àwọn orin tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni "Olúwa ló rán mi", "Ayé ń yí lọ" àti "Yellow Sisi". Bó ṣe ń lọ síwájú, ó yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Young Kenneries, nígbà tó sì yá, ó di African Kenneries International. Àwo orin tó gbé jáde láyé rẹ̀ lé ní 40. Kí ẹ sì rántí pé nígbà tí àwo ńlá dé, tó ń pẹ́ lórí ẹ̀rọ, Orlando àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kọ orin kúkúrú kúkúrú sínú rẹ̀ bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe. Wọ́n lè fi ojú kan àwo kọ orin kan ṣoṣo, kí orin náà máa ti inú ìtàn bọ́ sínú àdúrà, kó ti inú àdúrà bọ́ sínú oríkì, láìdánu dúró.

Nígbà tí jùjú àti fújì gba òde

Ogun abẹ́lé tó jà láti ọdún 1967 sí 1970 ṣe háíláìfù ní jàǹbá ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin ní Èkó jẹ́ ọmọ Ìlà Oòrùn, wọ́n sì ti padà sílé kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀. Jùjú ló rí àyè wọlé. Ebenezer Obey àti Sunny Adé di ẹni tí àwọn olówó ń wá fún ìnáwó. Lẹ́yìn náà ni fújì dé pẹ̀lú Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá. Olórin háíláìfù tó bá fẹ́ jẹun ní láti ronú.

Ọ̀pọ̀ ló pa háíláìfù tì. Orlando kò pa tirẹ̀ tì. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ọjà ti yí padà. Ó gbé ìlù púpọ̀ sínú orin, ó kọ́ bí a ṣe ń ki ènìyàn bí àwọn onijùjú ti ń ṣe, ṣùgbọ́n háíláìfù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ títí. Irú háíláìfù tirẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní "toye". Ó lé ní ogójì ọdún tó fi wà lórí ọ̀nà kan yìí.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò kéré. Olórin láyé ìgbà náà kì í rí owó gidi nínú àwo. Òde ìnáwó ni owó wà: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọ, ìwúyè. Bí olórin bá ki ènìyàn dáadáa, onínáwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò dìde, wọn yóò máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹni tó bá wá ń kọ orin tí ọjà ti fi sílẹ̀, ebi lè pa á. Pé Orlando rí jẹ, tó sì ń gbé àwo jáde ní gbogbo àsìkò yẹn, ó fi hàn pé àwọn kan wà tí wọn kò fi í sílẹ̀. Àwọn wo nìyẹn? Àwọn ará ilé ni, àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn nínú orin rẹ̀.

Èdè ilé nínú orin

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ìlú Uso ṣe àpẹẹrẹ. Yorùbá àjùmọ̀lò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ilé" ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ "ulé". Ṣùgbọ́n láti Èkìtì dé Ọ̀wọ̀, "ulé" ló wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń jẹ́ Uso ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, tí òmíràn sì ń jẹ́ Ute ní ìjọba ìbílẹ̀ Ose. Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, Ọ̀ghọ̀ ni àwọn ọmọ onílùú ń pè é, pẹ̀lú ìró kan tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò rárá. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ agbègbè náà, ó máa ń ṣòro fún un láti pè é bó ti yẹ.

Irú èdè báyìí kì í sábà dé orí rédíò. Olórin tó bá fẹ́ kí wọ́n ra àwo òun láti Abẹ́òkúta títí dé Ìlọrin, Yorùbá tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni yóò lò. Orlando lo ti gbogbo ènìyàn, ó sì tún lo ti ilé. Láàárín orin, ó lè bọ́ sínú èdè Ọ̀wọ̀ tàbí ti Ìfọ́n, kó pòwe, kó dá àṣà, kó tún jáde padà. Ará Ìbàdàn lè má gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò sọnù létí rẹ̀. Ní ti ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà ní Èkó, tó jẹ́ pé ọdún dé ọdún ló ń wọkọ̀ wálé, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ni.

Lónìí, ẹ wo àwọn ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò dáadáa, áḿbọ̀sìbọ́sí èdè Ọ̀wọ̀ tàbí ti Ìfọ́n. Nígbà tí àwọn àgbà tó ń sọ ọ́ bá ti lọ tán, ibo ni wọn yóò ti gbọ́ bí ó ti ń dún? Ìwé kò tó, nítorí ìwé kì í gbé ohùn. Àwo Orlando Owoh wà lára ibi díẹ̀ tí ohùn náà ṣì wà, láàyè, lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ. Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ "Ganja"

Kò yẹ ká máa ki ènìyàn ká fo ibi tó korò. Orlando ní orúkọ ìnagijẹ kan tí kò dùn létí ọ̀pọ̀ àgbà, ìyẹn ni Dókítà Ganja. Ó kọ orin lórí igbó, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi dé òkè òkun. Ní ọdún 1995, John Storm Roberts, òyìnbó tó ń gba orin ilẹ̀ Áfíríkà jọ, tó sì ní ilé iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà, kó díẹ̀ lára orin Orlando jọ sínú àwo kan. Orúkọ tó fún un ni "Dr. Ganja's Polytonality Blues". Bí òyìnbó ṣe wá mọ ọmọ Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Láti ọdún 1966 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin líle lórí igbó ní Nàìjíríà. Ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti òògùn olóró. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àjọ yìí sì ti wọ inú àwọn igbó ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ ba oko igbó jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ mọ ohun tí a ń sọ. Ọ̀dọ́ kan lè gbọ́ orúkọ Ganja kó rò pé iyì ló wà níbẹ̀. Kò sí iyì níbẹ̀. Ohun tó gbé Orlando dé ibi tó dé ni ohùn, iṣẹ́ àṣekára àti ọgbọ́n tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fa igbó láyé rẹ̀, wọn kò di Orlando Owoh. A lè gba orin, ká kọ orúkọ ìnagijẹ sílẹ̀. Bí a bá jẹ iṣu, a kì í jẹ èèpo rẹ̀ mọ́ ọn.

Jim Reeves àti ìlú Carthage

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, orin kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtírì, ìyẹn orin àwọn ará oko. Gìtá ló gbé e ró, èdè àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ìyà, ilé àti Ọlọ́run ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ orin yìí dáadáa. Ta ni kò gbọ́ ohùn Jim Reeves lásìkò Kérésìmesì rí? Àwo orin Kérésìmesì tó gbé jáde ní ọdún 1963 ṣì ń dún ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù káàkiri Nàìjíríà bí oṣù kejìlá bá ti wọlé. Ti Don Williams, tó kú ní ọdún 2017, kò kéré sí i.

Bí a bá gbé ìtàn Jim Reeves sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Orlando Owoh, wọ́n jọra. Ọdún 1923 ni wọ́n bí Jim Reeves sí abúlé Galloway ní ìpínlẹ̀ Texas, sínú ìdílé àgbẹ̀. Òun náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ló kọ́kọ́ fẹ́ fi jẹun. Ìgbà tó fara pa ló bọ́ sídìí iṣẹ́ rédíò, ibẹ̀ ló sì ti di olórin. Ní ọdún 1953 ni "Mexican Joe" sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 1964 ni bàálù kékeré tó ń wà já lulẹ̀ nítòsí ìlú Nashville. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá òkú rẹ̀ nínú igbó kí wọ́n tó rí i. Kò pé ẹni ọdún 41.

Níbi ìsìnkú ni ìtàn àwọn méjèèjì ti yàtọ̀. Òkú Jim Reeves kò dúró sí Nashville níbi tó ti di olówó. Wọ́n gbé e padà sí agbègbè rẹ̀, lẹ́bàá ìlú kékeré Carthage ní Texas. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ pẹ̀lú gìtá sí ojú oórì. Ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Cheyenne pàápàá, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tó yá, ìlú Carthage yìí kan náà kọ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìrántí àwọn olórin kọ́ńtírì ọmọ Texas sí. Carthage kì í ṣe ìlú ńlá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mọ iyì ohun tí wọ́n ní.

Ní ti Orlando, ilé rẹ̀ ní Agége, ní Èkó, ni wọ́n sin ín sí. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, nítorí pé ilé tí ènìyàn bá fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́, ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí òkú bá wà ní Agége, orin lè padà wá sílé.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa

Ìlú Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìlú tí kò mọ bí a ti ń pa ohun àtijọ́ mọ́. Láti ọdún 1968 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà níbẹ̀. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì rí àwọn ère alámọ̀ tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ bá wa pa àwọn yẹn mọ́. Ilẹ̀ kò lè bá wa pa orin mọ́. Àwo tí oòrùn bá pa yóò ká kò, kásẹ́ẹ̀tì tó bá wà níbi ọ̀rinrin yóò hu. Bí ohùn bá ti lọ lára rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè wú u jáde mọ́.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí lè ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn olórin agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ose. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè lọ bá àwọn àgbà tó mọ ìtàn orin náà, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì wà. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì lè gbé owó díẹ̀ kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Àwa ará ilé náà ní ipa tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo Orlando Owoh nínú àjà tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣeré, ẹ má sì dà á nù pé kò sí ẹ̀rọ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ. Ẹ gbé e nàró, ẹ má tò ó lé ara wọn lórí, kó má baà tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí oòrùn àti ooru iná ìdáná. Ẹ fi aṣọ tó rọ̀, tó mọ́, nu eruku rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tó ti jẹ lu àwo, nítorí pé yóò họ ọ́. Ẹ má ju páálí rẹ̀ nù, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni orúkọ orin àti ti ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde sábà máa ń wà. Bí ẹ bá sì ní ọmọ tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ó lè gba ohùn inú àwo náà sínú rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́.

Ẹ rántí pé òfin wà lórí rẹ̀ o. Gẹ́gẹ́ bí òfin Nàìjíríà tó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀tọ́ lórí orin tí ènìyàn kọ yóò wà fún àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé títí ọdún 2078 yóò fi parí, àwọn àrólé Orlando ló ní ẹ̀tọ́ lórí orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹni tó bá ń pa á mọ́ fún ìrántí, ó ṣe dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tà, kó lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Káfíńtà tí wọ́n bí sí Òṣogbo, tó lùlù fún Ògúnmọ́lá, tó gba gìtá lọ́dọ̀ Rolling Dollar, tó jẹun l'Ékòó, tó sì sùn sí Agége, ó gbé èdè ìyá àti bàbá rẹ̀ rìn dé gbogbo ibẹ̀. Kò sọ ọ́ nù lọ́nà. Bí àwo rẹ̀ bá wá sọnù lọ́wọ́ àwa tí a jókòó sílé, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ Orlando Owoh sí afẹ́fẹ́ rere.